Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Da Lẹ́tà Yín Nù

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ráfátù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá Ráfátù. Mo kí Ráfátù, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí ti pẹ́. Wọ́n ti sin ọkọ yín, n kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sétí gbogbo ẹbí, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n rí i pé n kò wá.

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Bọ́sẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi ní Ọ̀yọ́ níbí ló ń bá mi kọ ọ́. Òun ló ṣí ímeèlì fún mi, kí àwọn oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn lè máa béèrè tìmùtìmù aláwọ tí mò ń ṣe. Ibẹ̀ náà ni Ráfátù ń bá yín kọ̀wé sí. Fóònù ni n kò ní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi fóònù pè mí pé ara ìyá àwọn ọmọ mi kò yá, tí mo délé tí mo bá òkú, n kò gbé e mọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọyẹ́ ọdún yìí mú, awọ ń gan bí pákó lọ́wọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, n kò ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ àfi Bọ́sẹ̀, tí yóò ka lẹ́tà ọjọ́ náà fún mi. Pàǹtí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ní mo ti jẹ mọ́tò. Ọ̀kan ní obìnrin òyìnbó kan ń wá ọkọ. Bọ́sẹ̀ ní kí n lọ fá irùngbọ̀n, ìyàwó ń bọ̀. Mo ní kó sọ fún un pé eyín mi kò gba oúnjẹ òyìnbó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan dé pé ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò yá, kí n tètè fi owó ránṣẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ náà. N kò fi owó ránṣẹ́, mọ́tò ni mo wọ̀. Ẹ̀pà ni mo bá yín tí ẹ ń pa. Ẹ bi mí pé ta ló ń lé mi. Bàbá Ráfátù rẹ́rìn-ín títí, ó ní aláìsàn tó ń jẹ ẹ̀pà tó báyìí, owó ẹ̀pà ló yẹ kí n mú wá.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láti Ọ̀yọ́ títí dé ilé yín, bí ẹni tó tún ń lọ sin ìyàwó rẹ̀ ni mo ṣe rí. Nígbà tí mo padà, mo ní kí Bọ́sẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní asẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi sí i, lẹ́tà tó bá ní ọ̀rọ̀ náà nínú yóò gba ibi àkìtàn lọ, kò ní í wá síwájú òun rárá. Mo ní kó fi ti mọ́tò àti ti ìyàwó òyìnbó sí i. Mo ní kó fi 'ara kò yá' àti 'tètè wá' sí i pẹ̀lú. Ó dáwọ́ dúró. Ó ní, Bàbá, bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ó ní ṣé kí òun ya ti Ráfátù sọ́tọ̀? Mo ní rárá, àwọn olè náà lè mú orúkọ Ráfátù. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó kú. Ó ní, Bàbá, ọkàn yín le o. Mo ní kó ṣe ohun tí mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ta ni ní ilé wa tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnì kan kú? 'Ara kò yá, tètè wá' ni wọ́n fi pe yín nígbà tí ìyá wa lọ, tí ẹ fi wá pọ̀n mí. Òun ni wọ́n fi pè mí nígbà ti ìyàwó mi. Òun náà ni mo ní kí wọ́n máa dà nù.

Lẹ́tà yín kẹta nìkan ló wọlé. Bọ́sẹ̀ kà á pé: Làmídì, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú mọ́, a ti ṣe é tán. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe tán. Ó lọ tú àkìtàn náà, ó bá méjì tó ṣáájú. Ti ọjọ́ Ajé ní ara Bàbá Ráfátù kò yá, ó ń béèrè mi, kí n tètè wá. Ti Ọjọ́rú ní ara rẹ̀ kò yá rárá, kí n tètè wá. Nígbà tó kà á tán, ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan.

Ó ń béèrè mi. Ọkùnrin tó jókòó tì mí lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí ìyàwó mi kú, tí kò sọ pé kí n má sunkún, tó kàn ń bu omi fún mi. Ó béèrè mi fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, awọ ni mò ń rán.

Kí ẹnikẹ́ni má bú Bọ́sẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi. Ó ti yọ gbogbo asẹ́ náà kúrò báyìí.

N ó wọ mọ́tò wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. N kò fẹ́ kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi láìmọ ohun tí mo ṣe, ìdí nìyí tí mo fi rán lẹ́tà ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ ní kí Ráfátù dúró dè mí ní Takie níbi tí n ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kó kọ́kọ́ mú mi lọ sí ojú oórì. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. N ó dúró títí wọn yóò fi kírun Àsárì, n ó sì padà sí Ọ̀yọ́. N kò ní í bínú.

Ọlọ́run yóò fi àlùjánńà kẹ́ Bàbá Ráfátù. Ẹ óò pẹ́ fún wa, ojú yín kò ní í rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò, pàápàá àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí n kò sí níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Làmídì oníṣẹ́ awọ, ní Ọ̀yọ́.