Ohùn Tí Ẹ Gbọ́ Lẹ́nu Ọlọ

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Sikírátù, àkọ́bí yín, ni mo kúnlẹ̀ níbí tí mo ń kí yín láti ìlú òyìnbó. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnira. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ráfíù àbúrò mi, mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí ọ. Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ bá rí lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọmọ yìí ń tú àṣírí ilé wọn síta. Ìkọ̀kọ̀ ni mo ti bú bàbá mi, gbangba ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀ wọ́n. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kéwú ni wọ́n kà, wọn kò ka ABD, torí náà kí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n jọ̀ọ́ bá mi kà á sí wọn létí.

Bàbá, ibi tí mo wà yìí tutù. Ètè ni ọyẹ́ tiwa ń là, òtútù ibí ń wọ eegun ni. Ilé ìkẹ́rù-sí ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi nǹkan tó ní máíkì há mi létí, ohùn kan tí kì í ṣe ti ènìyàn ló ń sọ pẹpẹ tí màá lọ àti iye páálí tí màá gbé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohùn yẹn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá kan, tí mo bá ń wọlé ló ń jáde. Ẹ má ṣàánú mi o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí mo ṣe fún yín ni mo fẹ́ sọ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè lóye: bàbá mi ló ni ilé ọlọ ẹlẹ́rọ kan nígbà náà. Ẹ̀rọ náà máa ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà nínú kò ní gbọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti Ráfíù la máa ń wà níta, tí a ń to abọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lẹ́nu ọlọ. Ẹni tó gbé èlùbọ́ wá kò fẹ́ kí wọ́n da tòun lé ọkà bàbà lórí láìkọ́kọ́ nu ọlọ, torí náà a gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tó kàn fún yín, igbe la sì fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ẹ da ọkà bàbà mọ́ èlùbọ́ ìyàwó lẹ́mọ́mù. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà fa aṣọ ya mọ́ yín lọ́rùn.

Mo ti kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe. Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ, nígbà tí àwọn ènìyàn ń bi yín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi rédíò ṣe. Mo wá hẹdifóònù àlòkù méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún èmi, irú èyí tó máa ń bo gbogbo etí, mo so máíkì kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kan ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè mọ́ pátákó, mo fi bátìrì ọ̀kadà gbé e, mo ta wáyà gba abẹ́ páànù wọlé tọ̀ yín. Mo tún so fóònù mi mọ́ ọn, kí orin wákà lè máa dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa. Bọ́tìnì yíyí méjì ló wà lọ́wọ́ mi: ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún ohùn. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé e lé fìlà yín lórí, tí mo rọra sọ pé èlùbọ́ ló kàn, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Gbogbo oníbàárà lẹ ń sọ fún pé ọmọ yín ló ṣe é.

Bàbá, nígbà tí mo bá yí bọ́tìnì ohùn sísàlẹ̀, mi ò ní gbọ́ ohùn ara mi mọ́ létí mi. Orin nìkan ló kù. Mo wá gbà pé bó ṣe rí létí mi náà ló rí létí yín. Bí èmi àti Ráfíù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Mo ní ohùn ewúrẹ́ lẹ fi ń kọ wákà. Mo ń sín yín jẹ bí ẹ ṣe ń rún pákò lójú àwọn oníbàárà, àti bí ẹ ṣe ń dorí ìwé owó iná kodò tí ẹ ń wò ó bí ẹni tó ń kà á. Ráfíù á di ikùn mú.

Nígbà tó yá, ẹ kò kọrin mọ́. Ẹ ń ju pákò nù kí oníbàárà tó dé. Bí ìwé iná bá dé, ẹ ó kàn nà án sí mi láìwò ó. Mo sọ fún Ráfíù, nínú máíkì yẹn kan náà, pé bàbá ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo irú ẹnu tí mo ní.

Wọ́n wá bá mi rí iṣẹ́ níhìn-ín, owó bàálù ni kò sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sọ pé bí arúgbó yìí bá lè tètè kú, a ó ta ọlọ, màá sì rí owó lọ. Ráfíù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má sọ irú ẹ̀ mọ́. Mo dá a lóhùn pé ta ló ń gbọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ béèrè létí mi pé kí ló kàn. Mo yí ohùn sókè, mo ní àgbàdo ni. Ẹ ní ó dáa.

Kò pé oṣù kan tí ẹ ta ẹ̀rọ ọlọ náà fún ọkùnrin kan láti Tẹ̀dé. Ìyá ló gbé owó náà fún mi. Mo jó yí àgbàlá ká. Mo wá kúnlẹ̀ níwájú yín, mo ń pè yín ní bàbá rere. Ẹ kò wò mí. Ẹ ní ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn, kí n máa lọ.

Ibí ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Tí inú bá bí mi níbi iṣẹ́, mo máa ń yí ohùn há-mi-létí yìí sísàlẹ̀, màá sì bú ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní òun ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, pé etí tèmi nìkan ni bọ́tìnì náà wà fún. Mo dúró láàárín pẹpẹ, páálí lọ́wọ́ mi, mo sì rántí wáyà tí mo fi ọwọ́ ara mi jó mọ́ pátákó yẹn. Orí wáyà tó ń gbé ohùn mi padà sétí èmi fúnra mi ni mo fi bọ́tìnì sí. Èyí tó ń wá sọ́dọ̀ yín kò ní ìdènà kankan. Mo pe Ráfíù. Ó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí mo lọ, kò sì sọ fún mi. Ó ní òun bi yín ìdí tí ẹ fi ta ọlọ, ẹ sì sọ fún òun. Láti Àsùbáà títí di Àílà ló fi dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín kí ẹ tó ní kó dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Bàbá: ẹ̀yin náà níkà nínú. Ẹ ì bá gbá mi létí. Ẹ ì bá la hẹdifóònù yẹn mọ́ mi lórí, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbè sẹ́yìn yín. Ẹ kàn ń gbọ́ ni, ẹ ń lọ àgbàdo. Ẹ wá mú ohun tí ẹ fi tọ́ wa dàgbà, ẹ tà á, ẹ ní kí n máa lọ. Ìyá ní lẹ́nu ọlọ ẹlòmíràn lẹ ń da àgbàdo sí báyìí, ní ọ̀nà Ọ̀tù, pé ikọ́ ń dà yín láàmú. Oúnjẹ tí wọ́n bá fi owó tí mo fi ránṣẹ́ rà, ẹ kì í fọwọ́ kàn án. Ká ní ẹ nà mí ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo bẹ Ìyá kí wọ́n gbé fóònù sí yín létí láìsọ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Mo gbọ́ èémí yín. Mo ní Bàbá, èmi ni. Ẹ dá fóònù padà fún Ìyá. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún wọn, láìgbé ohùn sókè rárá, pé ohùn mi tí ẹ ti gbọ́ ti tó yín.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò ní kí ẹ gbàgbé. Ẹ gba fóònù kí ẹ bú mi títí káàdì á fi tán, màá tún rà á. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Mo mọ irú ẹnu tó ń ṣe àdúrà yìí. Kí ẹ pẹ́ láyé ju bí mo ṣe fẹ́ fún yín lọ, kí ikọ́ náà lọ, kí Ìyá má sunkún. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ìyàwó lẹ́mọ́mù.

Nǹkan kan ṣẹ́kù. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, Bàbá Sikírá ni gbogbo Ṣakí ń pè yín, Ìyá náà kò sì pè yín ní nǹkan mìíràn rí. Ní Jímọ̀ yẹn, kí wọ́n tó gbé fóònù fún yín, mo gbọ́ tí wọ́n ké sí yín pé Bàbá Ráfíù. Mo bi wọ́n pé látìgbà wo. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo ènìyàn máa pè yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè yín náà ni mo pè yín yìí. Bàbá Ráfíù, ẹ forí jì mí.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Sikírátù