Ẹni Tí A Fún Ní Páásíwọ̀ọ̀dù

Uwasota, Benin,
Oṣù Kẹta, 2013.

Ẹ̀gbọ́n mi Adéọlá,

Ẹ kú àárò wa o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Mọ́mì tí mo fi íméèlì sọ fún yín ti ń san. Wọ́n dá lọ sọ́jà Ekiosa lánàá.

Ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà ọ́síbítù tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá bá wa ṣe é fọ́dún kan la máa ń fún ní páásíwọ̀ọ̀dù, a kì í béèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe. Ẹnì kan tí a fún ti yọ gbogbo wa kúrò. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní kí n fara balẹ̀, ó wá ní ṣé ẹsẹ̀ Mọ́mì ti ń san.

Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn ará ọ́síbítù yọ ètò náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Ẹ má fi íméèlì dá mi lóhùn.

Àbúrò yín,
Láolú