Àgbàdo Irúgbìn Tí Mo Bó

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ sì ń lọ déédéé? Ní tèmi, àlàáfíà ni mo wà, àyàfi orúnkún tó máa ń ráhùn bí mo bá fẹ́ dìde.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ ohun tí àwa ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “ṣọ́kì” (shuck), tí olùkọ́ yín kọ́ yín. O ní àwọn Òyìnbó ń lò ó fún àgbàdo, fún ẹ̀wà, kódà fún aṣọ téèyàn bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín pa mí! Àwa ń bó háhá kúrò lára àgbàdo, a ń yin ọmọ rẹ̀ kúrò lára ṣùkù, a ń pa ẹ̀pà, a sì ń lu ẹ̀wà. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ṣọ, kó wọ yàrá lọ.

Àmọ́ bíbó yìí náà ló kó mi sí wàhálà. O rántí pé bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í bó àgbàdo irúgbìn. Wọ́n á ṣí háhá rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á fi so ó ní méjì-méjì, wọ́n á gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín máa lé kòkòrò. Iṣẹ́ wọn ni, n kò fọwọ́ kàn án rí. Ìkórè àkọ́kọ́ tí wọn ò sí níbẹ̀ rèé, àwọn aládùúgbò wá bá mi bó àgbàdo. À ń bó, à ń tàkúrọ̀sọ. Ìgbà tí mo máa fi rántí, háhá ti ga dé orúnkún, kò sì ku ẹyọ kan tá ò tíì bó. Yéè! Mo káwọ́ lérí. Kò sí háhá tí mo máa fi so irúgbìn kọ́ sókè ààrò mọ́. Irú àgbàdo yẹn, ilé wa nìkan ló kù sí.

Àbúrò bàbá rẹ gbọ́, wọ́n sì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, iṣẹ́ oko ju agbára yín lọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi sì ṣófo, màá gbà á.” Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo pinnu pé ilẹ̀ yẹn ò ní bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sílẹ̀, tí mò ń yan àgbàdo tó yọmọ dáadáa. Mo yin ín, mo ṣà á lẹ́yọ-lẹ́yọ, adìẹ ló jẹ èyí tó dáhò. Mo sá a gbẹ, mo pò ó mọ́ eérú tí mo fi asẹ́ jọ̀, mo rọ ọ́ sínú ìgò márùn-ún, mo sì fi àbẹ́là lẹ ìdérí wọn pa. Lóṣù kejì, kòkòrò wọ ìgò kan. Mo sunkún bí ọmọdé, mo bọ́jú, mo dà á nù. Ó ku mẹ́rin.

O ní o fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wá ràn mí lọ́wọ́. Gbọ́ o: bí mo bá rí ọ lẹ́nu ọ̀nà kí ìdánwò rẹ tó parí, èmi àti ẹ ni. Jókòó ti ìwé rẹ.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbin ìgò mẹ́ta, mo fi ọ̀kan pamọ́. Lọ́jọ́ keje, ó hù. Àbúrò bàbá rẹ mú okùn ìwọnlẹ̀ dé, wọ́n rin gbogbo ebè náà tán, wọn ò rí àlàfo kan tó tó nǹkan. Wọ́n ní, “Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń gbìn ín nìyí.” Mo ní, “Èmi ni mo gbìn ín.” Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n sì gba ilé lọ.

Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ohun tí o kọ́ ò ní fò ọ́ lórí lọ́jọ́ ìdánwò. Àṣẹ.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ lọ́mọ.

Mo tún rántí: Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ wá láàárọ̀ yìí, ó ní ọkọ òun ní kí n bùn àwọn ní irúgbìn díẹ̀. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ wá fúnra wọn, kí wọ́n sì mú ìgò dání.