Díńgí Orí Ọrọ́ Òyìnbó

Kambolé, ọjọ́ Láàdì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, 1982

Mùstàfá,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ ká yanjú èyí tó wà láàárín wa, kí ìkíni má baà bo gbèsè mọ́lẹ̀. Àádọ́ta hóró ọrọ́ òyìnbó lo fi lé mi lọ́wọ́ nínú bébà, wọ́n kéré bí eruku tábà. Méjìdínlógójì ló hù. Méjìlá tí kò hù, ti Ọlọ́run nìyẹn, mi ò ní san án. Márùn-ún kú lọ́wọ́ mi, ewúrẹ́ bàbá rẹ tẹ méjì pa, méje péré ni mo jẹ ọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù láàyè nínú yàrá mi, wọ́n rí rogodo bí ẹ̀wà, wọ́n ti ń hu irun funfun lórí. Sọ fún Màdáámù òyìnbó tí ò ń bá tọ́jú ọgbà pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kó máa retí.

Ó tán. Àsàlámù àlékùn, Àkànní ọkọ mi. Ṣé ara le? Ṣé yàrá rẹ tí kò ní fèrèsé yẹn ò tíì máa fún ọ láyà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Sokodé gbé ọ mì, kí alùpùpù má gbá ọ, kí ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá ènìyàn, kí wọ́n má wá ẹni tó jọ ọ́. Bàbá rẹ kí ọ, láti oko ló ti kí ọ, kò sùn nílé láti ìjẹta, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo kò burú, ikọ́ tó ń ṣe mí ti lọ. Mi ò fi lẹ́tà yìí sí póòsù, wọ́n ní lẹ́tà máa ń pàdé òǹkàwé púpọ̀ lójú ọ̀nà. Àyìndé awakọ̀ ni mo gbé e fún, ó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n, iṣu mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ka iṣu náà. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kì í ṣe èmi.

O mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìta ni ọrọ́ ń gbé. À ń gbìn ín yí ọgbà ká kí ẹran má wọlé, oje rẹ̀ làwọn ọdẹ àtijọ́ sì ń fi sí ẹnu ọfà. Kò sẹ́ni tó ń bá ọrọ́ sùn nínú yàrá. Ṣùgbọ́n o ní Màdáámù á san àádọ́jọ fráǹkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rò ó pé bí olówó bá fẹ́ bá ẹ̀gún sùn, kò sí aburú nínú kí n bá a tọ́ ẹ̀gún náà dàgbà. Ìwé tí ó fi Faransé kọ, èmi fúnra mi ni mo kà á, kíláàsì karùn-ún tí mo kà kò ṣòfò.

Ìwé ní kí a yan yanrìn lórí iná kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Mo gbé agbada ka iná, mo ń yan yanrìn, mo ń rò ó, ni Sèínábù bá yọjú lójú ọgbà. O mọ Sèínábù, igbákejì mi láàárín àwọn obìnrin tó ń jó fún àlejò ìjọba, tó ti ń wá ipò mi láti ọdún kẹta. Ó wo agbada, ó wò mí, ó yí padà lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilé mẹ́ta ló gbé ìyẹ̀fun àgbàdo wá fún wa, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ilé Gbàdàmọ́sí, bàbá rẹ, ti ń jẹ yanrìn. Mo gba ìyẹ̀fun náà.

Mo da yanrìn náà sínú páànù, mo fọ́n hóró sí i. Ìwé tún ní kí ara ilẹ̀ náà gbóná dé dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo lọ pe dókítà wa kó wá fi òṣùwọ̀n ibà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àádọ́ta fráǹkì ló gbà. Ó ri òṣùwọ̀n bọ inú yanrìn, ó dúró, ó fà á yọ, ó ní kò tiẹ̀ gbéra, pé bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, òun ì bá ti ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé páànù náà súnmọ́ ògiri tí ààrò wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n yọrí. Omi kì í ti òkè bọ́ sórí wọn, inú abọ́ ńlá ni mo ń gbé páànù sí kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mu ún láti ìsàlẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé ìwé ní a kì í fún ọrọ́ lómi nígbà òtútù, ọyẹ́ sì dé, mo ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ márùn-ún ti rọ. Ìgbà náà ni mo tó rí i nísàlẹ̀ ìwé pé àwọn àgbà ọrọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀, a kì í fi ààwẹ̀ lé ọmọdé lórí.

Nísinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kà á kí o sì ya á.

Ìwé ní kí a fi díńgí bo páànù, kí ọ̀rinrin má baà sá lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún fráǹkì ni wọ́n ń ta díńgí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní Tchamba, owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Mo wo yàrá mi yíká. Díńgí kan wà lára ògiri tí kò ṣe nǹkan kan ju kó máa dán lọ, èyí tó wà lójú àwòrán tí wọ́n gbé fún mi nítorí pé èmi ni olórí àwọn obìnrin. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó wà nínú àwòrán náà, kí lẹ́tà yìí má baà kó wa sí wàhálà. Kí o ṣáà mọ̀ pé òun ni ẹni tó wà lára ògiri ilé ìwé, tó wà lára ògiri ọ́fíìsì gbogbo, tó wà lára aṣọ tí a fi ń jó, tí ọmọ ọwọ́ pàápàá máa ń pàtẹ́wọ́ bí ó bá rí i. Ẹni tó bá já lẹ́tà yìí kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yọ ọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ yá mi fún oṣù méjì. Eruku ọyẹ́ sì wá ń fẹ́ wọlé, mo rò pé kò dáa kí eruku máa kó sí irú ojú bẹ́ẹ̀, ni mo bá yí i padà. Ẹ̀tọ́ ni mo rò pé mò ń ṣe. Mùstàfá, mo kọjú ẹni yẹn sí ògiri.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ewúrẹ́ bàbá rẹ wọlé, ó gun orí páànù, díńgí fọ́ sí mẹ́ta. Mo sáré yí àwòrán padà kí n lè wo ohun tí mo máa ṣe. Àwọn aáyán ti ń gbé láàárín òun àti ògiri. Wọ́n ti jẹ etí ọ̀tún tán pátápátá. Mo fi èédú gbìyànjú láti ya etí náà padà, ó wá dà bí ẹni tó fi yẹtí sétí. Mo rò ó pé kí n sun ún, ṣùgbọ́n iná ní èéfín, èéfín sì ní ẹni tó ń béèrè. Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo yí ìwé Màdáámù sẹ́yìn, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí kò bá sí díńgí, kí a fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀rá, tí mo ní mẹ́rin nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń ka ẹ̀yìn ìwé?

O rántí ọkùnrin ará Goubi tó fi aṣọ tó ní àwòrán náà di ẹrù iṣu sẹ́yìn alùpùpù. Ẹnì kan rí i, ó sọ fún ẹnì kan. Ọjọ́ méjìlá ni kò fi sí nílé. Nígbà tó dé, ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n bi í, ó ní wọn ò bi òun ní nǹkan kan. Títí di òní, bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn, ńṣe ló máa ń dìde dúró.

Ní Àlàrùbá tó kọjá, Sèínábù wá dá ajọ̀ ìyẹ̀fun mi padà, kò kí ilé kó tó wọlé. Mo sáré fi ẹ̀yìn bo àwòrán, mo na ìborùn mi bí adìyẹ tó ń bo ọmọ, nítorí náà ojú rẹ̀ bọ́ sórí páànù. Ó ṣí ọ̀rá, ó wò ó pẹ́. Gbogbo wa ló mọ̀ pé àlejò ńlá láti Tchamba ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ogúnjọ́ oṣù yìí, láti wá wo ijó wa. Sèínábù rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní:

“Ìyá Mùstàfá, ọrọ́ nínú yàrá. Ta lẹ̀ ń tọ́ oró dè?”

Ẹnu mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi, mo ní ẹ̀bùn àlejò wa ni. Ó ní ẹ̀bùn wo ló ń hu ẹ̀gún. Mo ní òun ni wọ́n ń fún àwọn ẹni ńlá lókè òkun, torí pé ẹni tí kò ráyè lè gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan kó má kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo rò pé mo ti bọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni iṣẹ́ dé láti Tchamba. Wọ́n ní àlejò ti gbọ́, inú rẹ̀ dùn, pé ewúrẹ́ ni gbogbo ìlú ń fún òun, kò sẹ́ni tó fún òun ní igi rí. Ó ní kí n má wulẹ̀ gbé e jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wọ yàrá mi wá wo ibi tí ẹ̀bùn òun ń sùn, òun àti ẹni tó ń ya fọ́tò.

Bàbá rẹ gbọ́ èyí, ó gbé ọkọ́, ó ní òun ń lọ ṣọ́ àgbàdo. Àgbàdo wo ló wà lóko nínú ọyẹ́? Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà ń gbọ́ alùpùpù níbi tí alùpùpù ò sí.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Wá àwòrán kan bíi tiwa ní ọjà Sokodé, èyí tó ní etí méjèèjì, pẹ̀lú díńgí rẹ̀. Òwú méjì wà nínú lẹ́tà yìí, funfun ni gígùn, dúdú ni fífẹ̀, má pa wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, sọ pé inú yàrá rẹ lo fẹ́ gbé e kọ́, pé ojú ń tì ọ́ láti máa sùn láìrí i. Má sọ pé ìyá rẹ ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Fi aṣọ dì í, gbé e fún Àyìndé, má jẹ́ kó dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀, bí o bá sì bá a bọ̀, má jókòó tì í. Gba ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì àsansílẹ̀ lọ́wọ́ Màdáámù: ẹgbẹ̀ta fún àwòrán, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún fún díńgí, ọ̀ọ́dúnrún fún ọkọ̀, igba tó kù fún Àyìndé kó má baà rántí ohun tó gbé. Bí o bá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tìrẹ lápò, fi kún un fún mi, iyọ̀ ti tán, mi ò sì fẹ́ yọjú sọ́jà lọ́sẹ̀ yìí. Bi Màdáámù pẹ̀lú pé kí ló ń ṣe àwọn mẹ́ta tó ń pọ́n lára. Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún wọn, mo ti fà wọ́n kúrò lójú fèrèsé díẹ̀. Bí àlejò bá mú mẹ́wàá lọ, kí Màdáámù mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló jẹ ẹ́.

Ọmọ mi, Ọlọ́run tó ń bo ohun tó wà nílẹ̀ kó tó hù, kó bo ìwọ náà. Kó fọ́ ojú tó ń wá ìdí wa, kó di etí tó ń gbọ́ tiwa, kó jẹ́ kí n tún fi ọwọ́ mi bu oúnjẹ fún ọ. Bí n ò bá rí àwòrán náà kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì, màá ti sọdá ààlà sí Bẹ̀nẹ̀ lọ bá àbúrò mi Àmínátù, má wá mi wá síbí, má sì bi Sèínábù léèrè mi. Èmi ni ìyá rẹ, Sàúdátù. Àtìnì, ọ̀la, ni Àyìndé ń gbéra. Àlàmísì ni mo ń retí ìdáhùn rẹ.