Alàgbà Zachariah Ọlọ́runfúnmi Akíntìmẹ́hìn (1957–2025): Ẹni tí Kò Jẹ́ kí Páìpù Ajue Bẹ́ Lẹ́ẹ̀kejì

Ajue ni a bí Bàbá wa, Alàgbà Zachariah Ọlọ́runfúnmi Akíntìmẹ́hìn, sí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1957. Ọmọ Akíntìmẹ́hìn ni wọ́n, ọmọ a-jí-kí-kòkó-bí-àlejò, ọmọ a-dúró-gbọin-nígbà-tí-ẹsẹ̀-ń-yẹ̀. Bàbá wọn, Olóògbé Josiah Akíntìmẹ́hìn, jẹ́ àgbẹ̀ olóko kòkó. Ìyá wọn, Olóògbé Comfort, ń ṣe epo pupa létí odò tó ṣàn lẹ́yìn Ajue, epo wọn sì mọ́ débi pé àwọn oníbàárà ń ti Ore wá bá wọn lóko. Bàbá ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà. Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ wá bá wa sin wọ́n lónìí, Olúwa kò ní fi irú èyí san án fún yín.

Bàbá ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajue, wọ́n sì parí ìwé girama ní Odigbo ní ọdún 1975. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nítòsí gáréèjì Ore. Ọ̀gá náà máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Zachariah kì í fọwọ́ kan wáyà láìkọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni.” Ìṣọ́ra yìí bá wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, tí wọ́n jáde níbẹ̀ ní ọdún 1983.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1984, wọ́n gbé Màmá wa, Rachel, níyàwó. Tíṣà ni Màmá, láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé wọn wá sí Odigbo. Màmá kò jẹ́ ká gbàgbé pé iná yàrá àwọn ni Bàbá wá tún ṣe, iṣẹ́ wákàtí kan, tí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é.

Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi páìpù gbé epo rọ̀bì gbà wọ́n sí ibùdó pọ́ǹpù rẹ̀ tó wà láàrin Omifunfun àti Ajue. Epo tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìda nínú. Bí òjò bá pọ̀ tí ilẹ̀ tutù, á ki bí ògì tó ti dì. Bí epo bá ki, wọ́n á fi kún agbára pọ́ǹpù. Bí agbára náà bá sì pọ̀ jù, páìpù àtijọ́ tó gba ẹ̀yìn Ajue kọjá lè bẹ́.

Ó bẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni. A kò ní fi pamọ́ fún yín, nítorí Bàbá fúnra wọn kò fi pamọ́: àwọn ni wọ́n wà nídìí pọ́ǹpù lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n fi kún agbára rẹ̀, wọ́n sì fi kún un. Epo rọ̀bì ya wọ odò, ó ya wọ oko kòkó, ó bo ibi tí ìyá tó bí wọn ti ń ṣe epo pupa. Ìyá kò padà síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé ní ọdún 2013. Wọn kò bá ọmọ wọn jà. Bàbá ní ì bá sàn fún àwọn bí Ìyá bá bá àwọn jà. Láti ìgbà náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Bàbá nílé àdúrà: kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí páìpù náà tún bẹ́ lójú ayé wọn.

Ní ọdún 2016, ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Beauty dé sí ibùdó náà láti ìhà Warri. Òun ló sọ fún Bàbá pé àwọn onímọ̀ lókè òkun ti fi agbára iná mú epo rọ̀bì ṣàn dáadáa láìgbé e kaná. Wọ́n á fi àwọ̀n irin méjì sínú páìpù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n á sì rán iná alágbára gba àárín wọn, sí ọ̀nà tí epo ń lọ. Ẹyọ ìda tó fọ́n káàkiri nínú epo á wá tò tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọléèwé tó ń wọ kíláàsì, epo á sì rọ́nà gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ipá rẹ̀ kì í pẹ́ ju wákàtí mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé epo kọjá Ajue. Bàbá bi í ní ìbéèrè fún oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn méjèèjì kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́, àwọn ọ̀gá sì gbà kí wọ́n dán an wò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni ọjọ́ ìdánwò. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá pe ìjọ wọn, ìjọ Aládùúrà, wá gbàdúrà sí ibùdó. Ìyá Wòlíì Hannah ló ṣáájú. Wọ́n ya ilé ẹ̀rọ náà sí mímọ́, wọ́n bu omi àdúrà wọ́n gbogbo ilẹ̀, gbogbo ènìyàn sì bọ́ bàtà sẹ́nu géètì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lórí ilẹ̀ mímọ́. Bàbá bọ́ bọ́ọ̀tù rọ́bà tiwọn náà. Beauty, tí kì í ṣe ará ìjọ, bọ́ tirẹ̀ láti bọlá fún àgbà.

Nígbà tí àwọn ará ìjọ yòókù ti jáde, wọ́n tan pọ́ǹpù. Epo ki ju bí wọ́n ti rò lọ, abẹ́rẹ́ mítà tó ń ka agbára pọ́ǹpù sì ń gòkè: ogójì, mẹ́tàlélógójì. Ní ọgọ́ta, páìpù kò dáni lójú mọ́. Bàbá na ọwọ́ sí súwíìṣì iná ńlá náà, wọ́n sì wolẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn lásán ni wọ́n rí, nínú omi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Beauty. Wọ́n wo Ìyá Wòlíì tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Bí iná náà bá jò díẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò gbé lọ. Wọn kò sì lè pa pọ́ǹpù, nítorí bí epo bá dúró á dì, agbára tí yóò sì tún mú un gbéra á ju èyí tó mú páìpù bẹ́ lọ́jọ́sí.

Bàbá ní, “Ìyá, ẹ dìde, ẹ bọ́ síta, ẹ lọ wọ bàtà.”

Ìyá Wòlíì kò dìde. “Alàgbà, ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí mímọ́ lẹ fẹ́ gbé bọ́ọ̀tù gùn?”

“Ẹ máa bá mi bẹ Ọlọ́run, Ìyá. Ṣùgbọ́n níta ni.”

Bàbá di Ìyá mú lápá, wọ́n sì mú wọn jáde. Mítà ti di mọ́kàndínláàádọ́ta. Beauty kó àpò kòkó òfìfo, ó ń fi nu omi ilẹ̀. Bàbá sáré dé géètì, wọ́n wọ bọ́ọ̀tù, wọ́n sì gbé ti Beauty wá fún un. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Wọ́n dúró kí ilẹ̀ gbẹ. Beauty ní, “Bàbá, ó ti ń dé ọgọ́ta o.” Wọ́n ní kó tún nu ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ́hùn-ún. Ní méjìdínlọ́gọ́ta, wọ́n tan iná.

Kò sí ohun tó yí padà. Abẹ́rẹ́ lọ sí mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó sì ń gbọ̀n níbẹ̀. Beauty sọ fún wa pé Bàbá ka Sáàmù kan tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ sọ̀ sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó sọ̀ sí àádọ́ta. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, méjìdínlógójì ló wà.

Àwọn kan nínú ìjọ kò gba bọ́ọ̀tù yẹn. Wọ́n mú Bàbá kúrò lórí àga àwọn alàgbà fún oṣù mẹ́jọ. Bàbá jókòó sẹ́yìn, wọn kò pa ìsìn kan jẹ, wọ́n sì jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé ẹ̀bi àwọn ni, torí àwọn pe ènìyàn wá gbàdúrà láìsọ irú ibi tó jẹ́ fún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ìyá Wòlíì Hannah fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ibùdó. Wọ́n dúró sẹ́yìn ọgbà, sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún ilé ẹ̀rọ náà láìbọ́ ọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Bàbá padà sí àga wọn.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2020. Wọ́n ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ odò Ajue, wọ́n sì kọ́ ọ̀dọ́ mọ́kànlá níṣẹ́ iná lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ore. Àrùn ọkàn mú wọn. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2025. Páìpù náà kò bẹ́ mọ́ lójú ayé wọn.

Ilé-iṣẹ́ wọn fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ pé àwọn yóò pa pọ́ǹpù fún wákàtí kan nígbà tí a bá ń gbé Bàbá wọ ilẹ̀ ní Ajue. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa á, kí epo má baà dì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nígbà tí à ń da erùpẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wọn. Àwa ọmọ la ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bàbá fi ìyàwó sáyé lọ, Màmá Rachel Akíntìmẹ́hìn, àti àwọn ọmọ: Olúwabùsọ́lá, Olúsọjí, Olúwaníyì àti Ìdáraolúwa, àwọn ọmọ ọmọ: Olúwapamílẹ́rìnayọ̀, Ọlámipọ̀sí àti Olúwakáyọ̀dé, àwọn àbúrò méjì, àti Beauty, tí Bàbá ń pè ní ọmọ.

Bàbá Bùsọ́lá, ọmọ a-dúró-gbọin-nígbà-tí-ẹsẹ̀-ń-yẹ̀, ẹ ti ṣọ́ páìpù náà tó. Ẹ sùn ní àlàáfíà Olúwa. Ó di ọwọ́ àwa tó kù.