Àlàfo Inú Orúkọ Ìyá

Ilé Ọmọ́dára,
Ìkìrun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì, 2025.

Fọláfúnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Dárasími ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ẹ kú ooru yìí o. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti pè ọ́ láti àná, o ò gbé e. Mi ò bá ọ jà. Ká ní ìyá tèmi ni wọ́n lé kúrò lórí ìlà lánàá níwájú gbogbo ayé, èmi náà lè má gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé, kí Kọ́láwọlé onímọ́tò tó ń ná Òṣogbo lè fi lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, má fà á ya.

Èmi ni mo yọ orúkọ Ìyá rẹ kúrò. Kì í ṣe àwọn dókítà ojú, kì í ṣe ará Ìnísà kankan. Èmi Ojúọlá ni.

O mọ̀ pé èmi ni wọ́n ní kí n to orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀fẹ́ ní Ìnísà. Igba èèyàn péré ni wọ́n lè ṣe. Orúkọ tó wá láti Ìkìrun, Òkukù àti Èkó-Èǹdé rí wúruwùru, àyè òfìfo tí wọ́n tẹ̀ kún ibi gbogbo: àlàfo níwájú, àlàfo lẹ́yìn, àlàfo méjì mẹ́ta láàárín. Ẹnì kan ṣoṣo á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, kọ̀ǹpútà á kà á sí èèyàn mẹ́ta. Ni mo bá fi APL, èdè kọ̀ǹpútà tí o máa ń sọ pé ó jọ ibi tí adìyẹ ti ń talẹ̀, kọ ìlà kan péré. Ibi tí àlàfo bá ti tẹ̀ léra, kó ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Èyí tó bá wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí lópin, kó gbá a dànù. Gbogbo orúkọ ló tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá ní kó mú ẹyọ kan nínú èyí tó bá jọra. Há! Mo ń yan kiri bí ìyàwó tuntun.

Àṣé mo ti bà á jẹ́. Bàbá Àkànjí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ ní Òkukù, mọ̀ pé ìyàwó ilé Mákánjúọlá méjì ló ń jẹ́ Ẹ̀rínọlá: Ìyá, àti ìyàwó àbúrò bàbá rẹ. Fọ́ọ̀mù orí fóònù kò gba ìkejì, ó ní orúkọ náà ti wà. Bàbá bá tẹ àlàfo kan sí i, ó wọlé. Ọgbọ́n àgbà! Àlàfo yẹn nìkan ló ya Ìyá sọ́tọ̀, èmi ni mo gbá a dànù, kọ̀ǹpútà bá ka àwọn méjèèjì sí ẹnì kan. Mi ò tiẹ̀ wo ọjọ́ orí wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìwàǹwára lèmi fi mú un.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Omi tí mo gbé kaná ti gbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí mo sáré lọ Òkukù, mo kúnlẹ̀. Ìyá ò bínú. Wọ́n fọwọ́ wá orí mi kàn, wọ́n ní, "Ojúọlá, nínú àwa méjèèjì, ṣé èmi lẹ rí bí àlékún ni?"

Mo gba Ìnísà lọ bẹ dókítà àgbà. Ó ní àwọn á fi Ìyá ṣe ẹni ọ̀kànlérúgba, aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń lọ, wọn ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa padà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé ìyọ̀ǹda, ìwọ nìkan ni Ìyá sì bí. Mo ní kí n bá ọ fọwọ́ sí i, wọ́n kọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí Dárasími. Bí o bá fẹ́, má wojú mi. Ìta géètì ọsibítù ni mo máa jókòó sí. Ṣáà wá. Ìyá ní ohùn rẹ nìkan ni àwọn fi ń dá ọ mọ̀ látọdún tó kọjá.

Èmi ni tìrẹ síbẹ̀, bí o bá ṣì ń fẹ́,
Ojúọlá.