Káàdì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ìyàwó rẹ wà pa, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí tó kéré jù ti ń rìn báyìí àbí ó ṣì ń rá kòrò? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì yín láàárín ẹgbẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ àdúrà ojú títì ni mo kọ́kọ́ gbà wà nísàlẹ̀, máa kà á lọ, má fò ó.

Ìwọ náà á ti rí i pé ìwé yìí rí wọ́gọwọ̀gọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí kò ṣeé pè sí etí télọ̀, torí bí télọ̀ bá gbọ́, gbogbo ẹni tó ń rán aṣọ ti gbọ́ nìyẹn. Ìwọ̀nba tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ń lò. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, fi ọgbọ́n orí gbé e.

Nílé, ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú, èyí tó kù ń jẹ aṣọ tí a bá sá. Ìròyìn tó tóbi ni ti bàbá rẹ. Àyà ló bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn, èémí wọn ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè ọ́, o ní o wà lórí àkàbà, pé wàá pè mí padà. Mo rò pé o ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nínú ìlú, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan péré lèèyàn máa wọ̀ dé ibẹ̀ láti ilé wa.

Yàrá àwọn ọkùnrin ni wọ́n gbé wọn sí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù méjì sì wà lára ògiri, ọ̀kan bọ́ sí òkè orí bàbá rẹ gan-an. Mo gbójú sókè, mo rí bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n kọ Ọ̀GÁ ÒTÚTÙ, orúkọ tí o fi ń ṣiṣẹ́, sí i gàdàgbà-gàdàgbà, nọ́ńbà fóònù rẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Háà! Inú mi dùn, àfi bíi pé ìwọ lo wà lára ògiri. Bàbá rẹ gbàgbé ikọ́. Wọ́n ń sọ fún àwọn tó kù pé ọmọ àwọn ló so ó mọ́bẹ̀, pé gbogbo ẹni tó ń sùn nínú yàrá yìí, abẹ́ òjìji ọmọ àwọn ló ń sùn. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Ìyá Ọ̀gá Òtútù, mo sì ń dáhùn.

Nọ́ọ̀sì wá mú nǹkan funfun kan tó ní bọ́tìnnì lára wá, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì dá a lóhùn. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, mo gbé e sí etí, mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi, ẹ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ níbí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní rìmóòtù ni, kì í ṣe fóònù. Mo ní nọ́ńbà wà lójú rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà ìtutù ni. Kò burú. Ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ kì í mọ ohun tí kò yẹ kó gbé sí etí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ ń rùn, ọmọ mi. Ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí. Ó tún ń kán omi, tó, tó, tó, sórí ìrọ̀rí bàbá rẹ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní omi ọmọ àwọn ni, kó máa kán. Mo wá gbé abọ́ kan lé ìrọ̀rí, wọ́n yẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ṣe ń sùn nìyẹn. Àwa tí a wá tọ́jú aláìsàn, àga gbọọrọ kan ní ìta ni wọ́n fi wá sí, lábẹ́ àpótí kejì ẹ̀rọ náà, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná bí ẹnu ààrò. Mo bi gétímáànù ibẹ̀ pé kí ló dé tí ti ìta kò fi tutù bíi ti inú. Ó ní ooru àwọn tó wà nínú ló ń kó dà síta. Mo ní ìyẹn ni pé orí wa ló ń dà á sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Gétímáànù yìí, Dúró-Ńbẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó ń sọ fún ẹni tó bá ń wọlé nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ni mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ̀rọ tó bá ń rùn ń ṣàìsàn ni. Ó ní rárá, pé ìwọ lo ń ṣe sáfíìsì fún un ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èmi rò pé ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wí, mo ní ọmọ mi kì í ṣe àlùfáà. Ó ní sáfíìsì ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ asẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n gbọn ẹrẹ̀ inú páìpù tí omi ń gbà jáde. Ó mú mi dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi káàdì kan hàn mí tí wọ́n fi okùn so kọ́. Ọjọ́ tí o wá wà níbẹ̀, ìlà mọ́kànlá, o bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kò tíì pé oṣù kan.

Ọmọ mi, mo fi ìka tọ ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mọ́kànlá lo ti wọ ìlú yìí láàárín ọdún mẹ́ta tí o ní àyè kò sí láti wá kí wa! Ìlà karùn-ún bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí a sin àbúrò bàbá rẹ, tí o ní iṣẹ́ gbé ọ lọ ibi tó jìnnà, tí bàbá rẹ nìkan dúró létí kòtò bí ẹni tí kò bímọ. Mo padà síta lábẹ́ ooru, mo sunkún. Mi ò sọ fún bàbá rẹ. Mo ní bóyá ìyàwó rẹ ni kò fẹ́ kí o yà, bóyá ilé wa ni kò wù ọ́ mọ́, bóyá èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mo wá ẹ̀ṣẹ̀ náà títí, mi ò rí i.

Ikọ́ bàbá rẹ wá ń le sí i dípò kó dín. Tí a bá gbé wọn síta, wọ́n á mí. Tí a bá dá wọn padà, ó di hẹn-hẹn. Dókítà dúró, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ yàrá náà, ó wo òkè, ó ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ yẹn wò kíá. Dúró-Ńbẹ̀ ti bá àwọn tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ṣiṣẹ́ rí, òun ló gun àkàbà. Ó ṣí iwájú rẹ̀. Ọmọ mi, ohun tó jáde níbẹ̀, tí mo bá ń purọ́, kí ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́ rọ. Eruku tó wà lára asẹ́ náà nípọn bí aṣọ òtútù. Inú rẹ̀ ti bu, ó dúdú kirikiri. Ọmọńlé kan ti kú síbẹ̀, ó gbẹ bí ewé. Dúró-Ńbẹ̀ tún fa nǹkan kan yọ, ó fi han dókítà: téèpù búlúù tí ilé iṣẹ́ fi de asẹ́ náà nígbà tó ṣì wà nínú páálí. Ó ní ẹni tó so ẹ̀rọ yìí kò ṣí i rí láti ọjọ́ tó ti so ó.

Métírọ̀nù dé. Tuntun ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá. Ó ní ta ni Ọ̀gá Òtútù. Gbogbo yàrá yí ojú sí bàbá rẹ, bàbá rẹ sì yí ojú sí mi. Èmi ìyá rẹ, tí mo nà ọ́ nítorí irọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, mo dìde. Mo ní ọmọ mi ń wá. Mo ní ó wá ní ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ilé mi ló sùn, mo fi ojú mi rí àkàbà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní bóyá eruku ìlú yìí ló pọ̀. Métírọ̀nù tú káàdì náà kúrò lára okùn, ó yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mi ò wò. Ọjọ́ tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀, ti oṣù méjì sí òní, àti èyí tó tẹ̀lé e, títí dé ìparí ọdún tó ń bọ̀. O ti bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀ pátá. Ó bi mí bóyá ọmọ mi sùn sílé mi ní àwọn ọjọ́ yẹn náà.

Mo ní ọmọ mi kì í fi iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀ di ọ̀la.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aláìsàn tí kò lè jókòó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, òótọ́ á bá a lọ́jọ́ kan. Tìrẹ kò tilẹ̀ lo ọdún mẹ́rin. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn sún bẹ́ẹ̀dì àwọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Dúró-Ńbẹ̀ ni a fọ̀ ọ́. Ó pa iná rẹ̀ lára ògiri kí ó tó fọwọ́ kàn án, ó yọ asẹ́ fún mi, mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Omi àkọ́kọ́ dúdú bí omi èédú. Mo fẹ́ sá a sóòrùn, ó ní rárá, òjìji ni, oòrùn á ká a kò. Ó fọn omi sí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, ẹrẹ̀ sì bọ́ jáde gbùlà. Kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ. Òwúrọ̀ kan, ọmọ mi, ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Nígbà tí a dá a padà, mo fi èékánná họ bébà orúkọ rẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹni tí bàbá rẹ̀ bá tún sùn síbẹ̀ má baà rí ẹni tó máa ṣépè fún.

Ikọ́ bàbá rẹ rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti wà nílé báyìí. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn. Wọn kò dárúkọ rẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ọmọ wọn, wọ́n á ní ó wà lórí àkàbà.

Métírọ̀nù ní òun á fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tí o bá wá fúnra rẹ, tí o fọ gbogbo ẹ̀rọ mọ́kànlá tó wà ní ilé ìwòsàn náà lójú òun, òun kò ní gbé káàdì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó fún ọ. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wàá wá. Ẹ̀jẹ́ mi ni, kì í ṣe tìrẹ, torí náà mi ò mọ bó ṣe máa rí.

Fi owó oògùn bàbá rẹ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu láàárọ̀ ti ń tán lọ. Fi owó jígí ojú mi náà kún un, mo fẹ́ máa ka ẹ̀yìn gbogbo ìwé tí wọ́n bá fi hàn mí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó káàdì yẹn ni, jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ, a ó máa fara dà á.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ àti ilé rẹ. Kó fún àwọn ọmọ rẹ ní èémí tó mọ́. Kó fún ọ ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ máa ṣe kí bírò rẹ tó kọ ọ́.

Nígbà tí mo rò pé o ń wá sí ìlú yìí tí o kì í yà kí wa, mo rò pé kò sí ohun tó lè dunni tó bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí mo mọ̀ pé inú káàdì nìkan lo ti ń wá, mo ń sọ lójoojúmọ́ pé ì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀ tí kò yà, ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń dárí ìyẹn jì í.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.